Títa Ọṣẹ Dúdú àti Òrí Láì Ba Ilẹ̀ Jẹ́

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta ọṣẹ dúdú, òrí, àdín, òróró àgbọn, osùn àti oyin ń pọ̀ sí i. Ohun tí àwọn ìyá àgbà ń pàtẹ ní ọjà alẹ́ ti di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ọkùnrin àti obìnrin ń tò sínú àpótí onígíláàsì, tí wọ́n sì fi ń ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Kì í ṣe ilé nìkan ni a ti ń rà wọ́n. A ń tà wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú fìdí múlẹ̀ sí, orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe ọṣẹ dúdú ní èdè wọn túmọ̀ sí ọṣẹ etíkun, nítorí pé láti etíkun Áfíríkà ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé e lọ bá wọn ní ọ̀rúndún 19.

Inú ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn ilẹ̀ yìí yóò dùn sí i pé òwò náà ń gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ ọ́ sí ojú pátákó rẹ̀ pé ohun àdáyébá ni òun ń tà ti ṣe ìlérí fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ìlérí náà kò sì mọ sí ohun tí ó wà nínú ìgò nìkan. Bí a bá gé igi tí ó so èso náà lulẹ̀ láti fi sun èédú, bí a bá da omi ọṣẹ sínú odò tí ará ìsàlẹ̀ ń mu, bí a bá fi ọ̀rá di ọjà náà tí ọ̀rá sì lọ dí gọ́tà, tàbí bí a bá po oògùn abóra mọ́ ọṣẹ ní ìkọ̀kọ̀, ìlérí náà ti di irọ́. Ọ̀ràn yìí kan ará abúlé tí ń ṣa èso, ó kan ẹni tí ń se ọṣẹ, ó kan ẹni tí ń tà á nínú ìlú, ó sì kan ẹni tí yóò fi í pa ara ọmọ rẹ̀. Àlàyé tí ó tẹ̀lé e yìí fi hàn bí a ti lè ta ohun tí ilẹ̀ fi fún ni láì ba ilẹ̀ náà jẹ́, àti bí èrè yóò ti wà níbẹ̀.

ỌṢẸ TÍ A FI OHUN ÌDÀNÙ ṢE

Ọṣẹ dúdú jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn baba ńlá wa mọ bí a ti í sọ ohun ìdànù di ohun ọrọ̀. Ohun méjì ni a fi ń ṣe é, èyí nì ni eérú àti òróró. Eérú náà ń ti ara èèpo kòkó wá, tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, tàbí ìdì ẹyìn tí a ti gba ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Òróró rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àdín tí a ṣe láti inú èkùrọ́. A ó sá èèpo náà gbẹ, a ó jó o di eérú, a ó da eérú sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, a ó sì rọra máa da omi lé e lórí. Omi tí ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò ni ó ní agbára, nítorí pé pọ́táṣì inú eérú ti yòrò sínú rẹ̀. Nígbà tí a bá sè é pọ̀ mọ́ àdín, tí a sì ń rò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn méjèèjì yóò yí ara wọn padà. Òróró kò ní jẹ́ òróró mọ́, omi eérú kò sì ní jẹ́ omi eérú mọ́. Ọṣẹ ni wọn yóò dà.

Èrè mìíràn wà nínú iṣẹ́ yìí fún àgbẹ̀ kòkó. Àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú, tí ó sì ń mú un jẹrà lórí igi, a máa fara pamọ́ sínú èèpo tí a kó jọ sóko lẹ́yìn ìkórè. Bí òjò bá ti ń rọ̀, àrùn náà a tún gbéra láti ibẹ̀ lọ bá èso tuntun. Àgbẹ̀ tí ó bá kó èèpo rẹ̀ kúrò lóko tí ó sì tà á fún àwọn tí ń se ọṣẹ yóò rí owó, oko rẹ̀ yóò sì mọ́. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀bù tí ń ta ọṣẹ tí a fi eérú èèpo kòkó sè ń ran oko lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ìlú ni ó wà.

Ohun kan wà tí oníṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún oníbàárà. Ọṣẹ tí kò jinná, tí omi eérú inú rẹ̀ pọ̀ ju òróró lọ, a máa ta ènìyàn lára. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í fi í kánjú gbé e kúrò lórí iná, tí ó sì máa ń jẹ́ kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó gbé e dé ọjà. Kí ẹni tí kò tíì lò ó rí kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán apá rẹ̀ wò, kí ó dúró di ọjọ́ kejì, kí ó má sì jẹ́ kí ó wọ ojú ọmọdé. Kò yẹ kí a máa sọ pé ohun àdáyébá kò lè pa ènìyàn lára. Ata pẹ̀lú jẹ́ ohun àdáyébá.

IGI EMI KÌ Í ṢE IGI ÌDÁNÁ

Òrí ń ti inú èso igi emi wá. Igi ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Ó wà ní Òkè-Ògùn, ní agbègbè Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣí, ó sì pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara àti Niger. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ń kó èso yìí jọ jù lọ ní gbogbo ayé. A kì í sábà gbìn ín bí a ti ń gbin kòkó. Inú oko àti igbó ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ a sì máa dá a sí nígbà tí wọ́n bá ń ṣán oko. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Igi emi a máa lo nǹkan bí ọdún 15 sí 20 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, ó sì lè gbé tó ọdún 200 lórí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá gé ọ̀kan lulẹ̀ lónìí ti gé owó ìyá àgbà, ti gé ti ọmọ rẹ̀, ó sì ti gé ti ọmọ ọmọ rẹ̀.

Síbẹ̀, igi yìí ni àwọn kan ń gé láti fi sun èédú, nítorí pé ó le, iná rẹ̀ sì ń pẹ́. Àpò èédú a tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, owó rẹ̀ náà a sì tán. Láti ọdún 1998 ni IUCN, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣọ́ ohun ìṣẹ̀dá, ti ka igi emi mọ́ àwọn igi tí ewu ń bá. Àwọn àgbà sọ pé bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Ọ̀rọ̀ náà bá èédú àti òrí mu gan-an.

Oníṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè wí pé ọ̀rọ̀ igi kò kan òun, òrí ni òun ń rà. Ó kàn án. Bí igi bá tán, òrí yóò wọ́n, ṣọ́ọ̀bù yóò sì di títì. Ohun tí ó lè ṣe kò ṣòro. Kí ó béèrè abúlé tí òrí náà ti wá. Kí ó gbìyànjú láti bá àwọn obìnrin tí ń ṣe é ṣòwò tààrà, kí ó sì rà á lọ́wọ́ àwọn tí ìlú wọn ti fi òfin de gígé igi emi. Kí ó bá wọn ṣe àdéhùn pé èso tí ó bá pọ́n tí ó sì já bọ́ fúnra rẹ̀ ni wọn yóò máa ṣà, láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, nítorí pé èso tí a gbọ̀n lulẹ̀ ní àìpọ́n kì í ní òrí tí ó dára nínú. Kí wọ́n sì fi díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi kí ó lè hù.

Ọ̀tá mìíràn tí igi emi ní ni iná ìgbẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igi náà ń yọ òdòdó, ìgbà náà gan-an ni àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ sì ń tan iná sí ọ̀dàn. Iná tí a fi lé òkété kan lè jó òdòdó tí ìbá di agbọ̀n èso púpọ̀. Àwọn baálẹ̀ àti àwọn olórí ọdẹ ni ó lè fi òfin sí èyí, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè ṣe é dáadáa tó wọn.

Ìjọba pẹ̀lú ti ń fi ojú sí òwò yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé a kò gbọdọ̀ kó èso emi tí a kò tíì fún lọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún oṣù 6. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ta èso lásán ń jẹ èrè díẹ̀, ẹni tí ó sọ ọ́ di òrí ni ó ń jẹ èyí tí ó pọ̀. Ó yẹ kí èrè yẹn dúró sí abúlé tí igi náà ti hù.

OYIN, ÌDA ÀTI OSÙN

Kòkòrò oyin ni ó ń gbé ìyẹ̀ òdòdó emi láti ara igi kan dé ara èkejì, kí igi tó so dáadáa. Nítorí èyí, ṣọ́ọ̀bù tí ń ta òrí pẹ̀lú oyin ní ẹ̀rí tí ó lágbára láti tọ́jú kòkòrò náà. Àwọn kan ṣì ń fi ògùṣọ̀ jó ilé oyin ní òru. Wọn a rí oyin díẹ̀ tí èéfín ti bà jẹ́, gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ a sì kú. Ẹni tí ó bá ń sin oyin nínú àpótí igi, tí ó kàn ń rú èéfín tútù díẹ̀ sí i kí kòkòrò lè fara balẹ̀, yóò kórè lọ́dún yìí, yóò sì tún kórè lọ́dún tí ń bọ̀. Oyin irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí oníṣọ́ọ̀bù máa rà. Kí ó sì gba ìda rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ìda oyin tí a yọ́ pọ̀ mọ́ òrí àti òróró àgbọn ni a fi ń ṣe ìpara líle fún ètè tí ó bó àti gìgísẹ̀ tí ó là.

Osùn tí a fi ń kun ìyàwó àti ìyá ọlọ́mọ láti ayébáyé wá pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Ara igi pupa ni a ti ń lọ̀ ọ́, igi náà kò sì yá láti dàgbà. Òǹtajà tí ó bá ń ta osùn púpọ̀ kò gbọdọ̀ ro pé igbó kì í tán. Bí ó bá ní ilẹ̀, kí ó gbìn ín. Bí kò bá ní, kí ó fi owó díẹ̀ ran àwọn tí ó ní ilẹ̀ lọ́wọ́ láti gbìn ín.

IYE IGI ÌDÁNÁ ÀTI OMI TÍ IṢẸ́ NÁÀ Ń JẸ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé òrí ń jẹ igi ìdáná àti omi lọ́pọ̀lọpọ̀. A ó se èso náà, a ó sá a, a ó fọ́ ọ, a ó yan án, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi omi pò ó títí òrí yóò fi léfòó bí ọ̀rá, a ó sì tún gbé e ka iná kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ. Bí a bá ń ṣe gbogbo èyí lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé ooru púpọ̀ lọ. Ààrò amọ̀ tí a mọ yí ìkòkò ká, tí ó ní ẹnu kan tí igi ń gbà wọlé, a máa dín igi kù, a sì máa dín èéfín tí ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró àwọn obìnrin jẹ́ kù. Oníṣọ́ọ̀bù tí ó bá bá àwọn tí ń ṣe òrí fún un dá owó irú ààrò bẹ́ẹ̀ ti tún ọjà ara rẹ̀ ṣe.

Bákan náà, iná náà lè jẹ nínú ohun tí iṣẹ́ náà ti yọ sílẹ̀. Èèpo líle tí ó bo èso emi, ìdí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti gba òrí, ihá ọ̀pẹ àti èèpo èkùrọ́, gbogbo wọn ni ó ń jó dáadáa bí a bá sá wọn gbẹ. Eérú tí a ti sẹ́ omi rẹ̀ tán kì í ṣe ohun tí a ń dà sí ojú ọ̀nà. A lè pò ó níwọ̀nba mọ́ ààtàn tí a fẹ́ kó lọ sóko.

Ní ti omi ìdọ̀tí, odò kọ́ ni ibi rẹ̀. Omi ọṣẹ àti omi eérú a máa pa ẹja, a sì máa ba omi mímu jẹ́. Kí a gbẹ́ kòtò sí ibi tí ó jìnnà sí kànga àti odò, kí a kó òkúta àti yanrìn sí i, kí omi náà lè máa rọra mu sí ilẹ̀. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹni tí ó da omi ọṣẹ sí odò ni yóò bu omi odò náà mu.

EWÉ, ÌGÒ ÀTI Ọ̀RÁ

Nígbà àtijọ́, ewé gbòdògì ni a fi ń di ọṣẹ, a sì ń gbé òrí tà nínú igbá. Nígbà tí a bá ju ewé náà nù, ilẹ̀ a gbà á padà. Ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá tí a bá jù sí gọ́tà a máa dí i títí omi òjò yóò fi ya wọ ilé, ewúrẹ́ àti màlúù a sì máa jẹ ẹ́ kú. Nítorí irú ìyọnu yìí ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi kéde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 pé a kò gbọdọ̀ lo abọ́ fùkẹ̀fùkẹ̀ funfun tí a fi ń bu oúnjẹ mọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í de àwọn ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2025. Oníṣọ́ọ̀bù ohun àdáyébá kò yẹ kí ó dúró di ìgbà tí òfin bá lé e kí ó tó ṣe ohun tí ó tọ́.

Ọṣẹ tí ó bá le ni a lè fi ewé gbígbẹ tàbí bébà mímọ́ dì. Ìwé ìròyìn àtijọ́ kò dára fún un, nítorí pé tàdáwà rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ọṣẹ. Ọṣẹ rírọ̀ àti òrí dára nínú ìkòkò kékeré tàbí agolo tí ó ní ìdérí. Òróró ni kí a rọ sínú ìgò. Kí a sì gba ẹni tí ó bá mú igbá tàbí ìgò tirẹ̀ láti ilé wá láyè, kí a wọn ọjà sí i fún un, kí a sì yọ owó ìgò kúrò nínú iye rẹ̀.

Ọ̀nà owó ìgò kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tí ó ti ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò rí ni ó mọ̀ pé bí a kò bá mú ìgò òfìfo wá, a ó fi owó lé e. Ọ̀nà kan náà ni oníṣọ́ọ̀bù lè gbà. Bí àpẹẹrẹ, bí ìgò tuntun kan bá jẹ́ ₦300, kí ó fi ₦300 kún iye òróró, kí ó sì dá a padà fún ẹni tí ó bá mú ìgò náà wá ní mímọ́. Bí ó bá ta ìgò 100 lóṣù, tí 60 sì padà, ìgò 40 péré ni yóò rà lóṣù tí ń bọ̀. Yóò san ₦18,000 padà fún àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n òun náà kò ní ná ₦18,000 lórí ìgò tuntun, kò sì sí ẹni tí ó pàdánù nínú rẹ̀. Èrè tí ó tóbi jù ni pé oníbàárà tí ó ní ₦300 ní ṣọ́ọ̀bù náà yóò padà wá, kì í sì í ṣe ìgò nìkan ni yóò mú lọ. Kí a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìgò tí ó bá padà, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, nítorí pé omi díẹ̀ tí ó bá kù sínú rẹ̀ a máa ba òróró jẹ́.

Ibi tí a gbé ọjà sí pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ooru ara ènìyàn lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti yọ́ òrí. Òrí tí a tò sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń pa yóò yọ́, yóò tún dì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Kí a gbé e sí ibi tí ó tutù tí kò sì sí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, kí èyí tí ó kọ́kọ́ wọlé sì jẹ́ èyí tí yóò kọ́kọ́ jáde. Ọjà tí ó bàjẹ́ tí a dànù ti fi igi, omi àti òógùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣòfò.

ÒTÍTỌ́ LÓJÚ PÁTÁKÓ

Àwọn àgbà sọ pé òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ tó inú òwò ohun ìpara. Àwọn kan wà tí ń mú ọṣẹ dúdú rere, tí wọ́n ń po oògùn abóra mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń pè é ní ọṣẹ àdáyébá tí ń mú ara mọ́lẹ̀. Nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí mákúrì. Mákúrì a máa gba ara wọ inú ẹ̀jẹ̀, a máa ba kíndìnrín jẹ́, a máa ba iṣan àti ọpọlọ jẹ́, a sì lè ṣe ìpalára fún ọmọ tí ó wà nínú oyún. Nígbà tí a bá wẹ̀ ẹ́ kúrò lára, inú omi ni ó ń lọ, ara ẹja ni ó sì ń kó sí.

Gbogbo ayé ti rí ibi tí mákúrì ń gbé ni dé. Ní ọdún 1956 ni a rí i dájú ní Minamata, ìlú ẹlẹ́ja kan ní ilẹ̀ Japan, pé àìsàn àjèjì kan ń mú àwọn ènìyàn. Mákúrì tí ilé iṣẹ́ kan ń dà sí òkun, tí ó sì ti kó sí ara ẹja tí wọ́n ń jẹ, ni ó fà á. Orúkọ ìlú náà ni a fi sọ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 2013 láti dá lílo mákúrì dúró, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó wọ inú rẹ̀. Ohun ìpara wà lára ohun tí àdéhùn náà dè.

Nítorí náà, kí oníṣọ́ọ̀bù kọ ohun gbogbo tí ó wà nínú ọjà sí ara rẹ̀, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe é àti ibi tí a ti ṣe é. Kí ó lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC láti béèrè bí a ti í forúkọ ohun ìpara sílẹ̀. Àjọ yìí, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ni ó ń bojú tó oúnjẹ, oògùn àti ohun ìpara. Kí ó má ṣe sọ pé ọjà òun wo àrùn sàn, nítorí pé òrí ń mú ara tí ó gbẹ rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn ẹ̀tẹ̀ tàbí jẹjẹrẹ. Bí ó bá sì sọ pé a kò fi ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò inú ṣágo gbin ohun tí òun ń tà, kí ó rí i pé òun ti dé oko náà, tàbí pé ẹni tí ó ṣe é gbọ́kàn lé ti dé ibẹ̀.

OWÓ ÀWỌN TÍ Ń ṢE É

Kò sí bí a ti lè pe òwò ní mímọ́ bí ebi bá ń pa ẹni tí ń ṣe ọjà náà. Obìnrin tí ń po òrí láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́ kò yẹ kí ó máa gba owó àwìn fún oṣù mẹ́ta. Bí alájàpá bá rà á ní pọ́ọ́kú nígbà tí òrí pọ̀, obìnrin náà yóò wá owó níbòmíràn, ibi tí ó sì súnmọ́ ọn jù ni igi èédú. Owó tí ó tọ́ tí a san lákòókò ni ààbò tí ó dára jù fún igi emi.

Ọ̀nà tí ó ti ran àwọn àgbẹ̀ kòkó lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí àwọn obìnrin 20 bá da òrí wọn pọ̀, ọkọ̀ ẹrù kan yóò kó o dé ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó ọkọ̀ yóò dín kù, epo ọkọ̀ tí a ń sun yóò dín kù, wọn yóò sì lè fi ohùn kan dá iye sí ọjà wọn. Oníṣọ́ọ̀bù náà yóò rí òrí tí ìwọ̀n àti ìmọ́tótó rẹ̀ dọ́gba rà. Kí ó ní ìwé ìṣirò tí ó ń kọ iye tí ó rà, iye tí ó tà, iye tí ó bàjẹ́, ìgò tí ó jáde àti ìgò tí ó padà. Láti inú ìwé yìí ni yóò ti mọ ohun tí ń ṣòfò, nítorí pé ohun tí ń ba ilẹ̀ jẹ́ sábà máa ń jẹ́ ohun tí ń jẹ owó rẹ̀ pẹ̀lú.

OHUN TÍ OLÚKÚLÙKÙ LÈ ṢE

Kò di ìgbà tí ènìyàn bá ní ṣọ́ọ̀bù kí ó tó kópa nínú iṣẹ́ yìí. Kí àgbẹ̀ kòkó sá èèpo rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ó jẹrà sóko. Kí àgbẹ̀ ọ̀dàn dá igi emi sí, kí ó sì gbin òmíràn dípò èyí tí ó bá kú. Kí ọdẹ ṣọ́ iná. Kí ẹni tí ń se ọṣẹ wa kòtò fún omi ìdọ̀tí rẹ̀. Kí oníbàárà mú ìgò rẹ̀ padà, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ òǹtajà, láì tijú, pé kí ni ó wà nínú ọjà yìí àti pé níbo ni ó ti wá. Òǹtajà rere yóò dáhùn tayọ̀tayọ̀; èyí tí ó bá ń bínú sí ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí a rọra gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá.

Ọṣẹ dúdú àti òrí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa ju owó náírà lọ. Wọn kò tán lọ́wọ́ àwọn tí ó ti lọ, nítorí pé àwọn tí ó ti lọ ń mú nínú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣẹ́ díẹ̀ kù. Bí àwọn tí ń tà á lónìí bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí pẹ̀lú yóò bá òrí lórí àtẹ, wọn yóò sì bá igi emi lóko.